Apẹ̀rẹ̀ Ẹja Tí Mo Dá Padà

Títí ọmọ mi obìnrin fi pé ọdún márùn-ún, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu dé sùn. Ẹnu ló fi ń mí. Imú rẹ̀ kàn wà níbẹ̀ lásán bí ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn ní ìṣó pa. Bí kò bá dí, á máa dà. Bí kò bá dà, ọmọ náà á máa sín, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ẹ̀ẹ̀mẹwàá léra wọn, títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n tí omi á sì máa bọ́ níbẹ̀. Abẹ́ imú rẹ̀ ti bó nítorí nínù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé-ìwé fún un ní ìnagijẹ kan tí n kò ní kọ síbí, torí ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, díẹ̀ ló kù kí n bá ọmọ ọlọ́mọ jà, èmi àgbàlagbà.

Orí mi máa ń tètè gbóná. Ó yẹ kí n tètè sọ ìyẹn. Ìyàwó mi mọ̀, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀, ìyá mi ló sì kọ́kọ́ mọ̀ ju gbogbo wọn lọ.

Iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe. Òjòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó là ń gbé, sọ́míìlì tí mo ti ń la pákó kò sì jìnnà sílé. Ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tó ti ń ta búrẹ́dì, mílíìkì àti ọṣẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ilé-ìwé tí ọmọ wa ń lọ sì wà nítòsí ibẹ̀. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń gbé ní Wọ́tásáìdì, ní abúlé kan létí ọ̀sà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń yan ẹja níbẹ̀. Ẹja yíyan àti edé gbígbẹ ló fi rán mi nílé-ìwé. Ọmọ mi kì í pè é ní Màmá Àgbà bí àwọn ọmọ yòókù ṣe ń pe ìyá bàbá wọn. Màmá Ẹja ló ń pè é, inú ìyá mi sì máa ń dùn sí i.

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ọmọ yìí á ti jókòó dè mí lórí àtẹ̀gùn. Á fò mọ́ mi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbọn ṣẹ́ẹ̀tì mi. Á máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá àyà mi, lẹ́búlẹ́búlẹ́bú igi á máa tú jáde, á máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á ki ọwọ́ bọ àpò mi láti wá ẹ̀gbà rẹ̀. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń ká kọ́rọkọ̀rọ lẹ́nu ẹ̀rọ ìfági ni ẹ̀gbà ọ̀hún. Èmi ni mò ń ṣà á fún un lójoojúmọ́. Á wọ̀ ọ́ sọ́wọ́, á gbé orí lé àyà mi, ibẹ̀ ló sì máa ń sùn sí kí oúnjẹ tó jinná. N kò ní ohun mìíràn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ nínú ọjọ́ mi.

Kò sí ohun tí a kò ṣe sí imú yẹn. A fi òrí pa á. A fi rọ́ọ̀bù pa á láyà títí ó fi ń sunkún. Kẹ́míìsì fún wa ní oògùn olómi pupa, nígbà tó yá wọ́n fún wa ní aláwọ̀ ewé. Ìyá ìyàwó mi, tó jẹ́ Aládùúrà ní Awà, gbé omi àdúrà wá nínú kẹ́ẹ̀gì, èmi Mùsùlùmí ni mo sì di ọmọ mú nígbà tí wọ́n ń fi bọ́ ọ lójú. N kò ráyè yan ẹni tí yóò bá mi ṣàdúrà. Gbogbo rẹ̀ á ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì, ó pẹ́ tán ọjọ́ mẹ́ta, imú á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ẹnu mi ni mo fi ń fa ikun rẹ̀ tu dànù. Nígbà tó dàgbà díẹ̀ kò gbà kí n ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ní ojú ń ti òun. Mo wá di ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń jà láti mí, tí kò sì ní ohun tó lè ṣe sí i.

Ààwẹ̀ ọdún kan ni nǹkan yí padà.

Nínú oṣù ààwẹ̀, n kì í délé kí n tó ṣínu. Mọ́ṣáláṣí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́míìlì, ibẹ̀ ni gbogbo àwa ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ igi ti ń ṣínu pọ̀. A ó wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, a ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ kọ́ síbẹ̀, a ó wọ jàlàbíà, a ó ṣe àlùwàlá, a ó kírun, a ó sì dúró ṣe àṣámù, ìrun alẹ́ inú ààwẹ̀. Bí mo bá fi máa délé, ọmọ mi á ti sùn. Àwa tí ojoojúmọ́ ayé wa jẹ́ lẹ́búlẹ́búlẹ́bú, inú ààwẹ̀ nìkan la máa ń mọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀ tó parí, ìyàwó mi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ wá wo ọmọ yín." Mo sáré wọlé, àyà mi ti já. Ọmọ náà sùn sórí ẹní, oòrùn ti ojú fèrèsé tàn sí i lára, ẹnu rẹ̀ sì pa dé. Ẹnu rẹ̀ pa dé, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò jẹ́jẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. N kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Gbogbo ìyókù ààwẹ̀ ló fi gbádùn. Ó sanra. Ó ń kọrin. Mo ní Ọlọ́run ti gbọ́.

Ọjọ́ kẹta ọdún, a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìrókò ńlá kan là ń là lọ́jọ́ náà. Ìrókò a máa ta ni nímú. Lọ́dọ̀ wa ní sọ́míìlì, bí ẹni tuntun bá ń sín nídìí rẹ̀, ẹ̀rín la máa ń fi í rín, a ó ní ìrókò ló ń kí i, kó jẹ́ ẹ lóhùn. Ó pẹ́ tí àwa àgbà ibẹ̀ ti ń jẹ́ ẹ lóhùn, a kì í kà á sí nǹkan kan.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá mi dé láti Wọ́tásáìdì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja. Nínú ààwẹ̀ kì í yan ẹja, ó ní iná ààrò á mú òun tú ààwẹ̀ lójijì, nítorí náà ẹran ni ìyàwó mi ń rà fún odindi oṣù yẹn. Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, ìkọ́kọrẹ́ ti jinná, edé àti ẹja wà nínú rẹ̀ yanturu, ọmọ mi sì ti jẹ àwo kan tán. Bó ṣe rí mi, ó fò mọ́ mi. Ó ti tó oṣù kan tó ti gbọn ṣẹ́ẹ̀tì mi gbẹ̀yìn, ó gbọ̀n ọ́n títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ìyá mi ń wò wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

A kò tíì dìde níbẹ̀ tó fi sín. Ó tún sín. Nígbà tí ìyàwó mi fi máa gbé oúnjẹ tèmi jáde, imú ti ń dà, ojú ti wú, ẹnu ti là sílẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ohun tó ṣe mí. Bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan, tí wọ́n sì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo ń wá ẹni tí màá bá wí.

Ẹni náà kò jìnnà. Nínú ààwẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sọ́míìlì ti fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù, ohùn ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tó ń sọ pé oúnjẹ tí ẹ ń fún ọmọ yín ló ń dí i nímú: ẹja ni, edé ni, ẹyin ni, ẹ̀pà ni, mílíìkì ni. Mo ti gbọ́ ọ, mo ti gbàgbé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló padà wá sí mi lórí. Ẹja kò sí nílé nínú ààwẹ̀, imú gbẹ. Ẹja dé lónìí, imú ń dà. Ta ló tún ń wá ẹlẹ́rìí?

Mo kojú sí ìyá mi. Mo ní, "Ìyá, ẹja yín ló ń pa ọmọ mi."

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú mi, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà. Ó ní, "Ẹja mi? Ẹja yìí lo jẹ dàgbà, wẹ́ẹ̀ sín rí." Bí àwọn ará omi ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ níparí. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe èmi. Ìyàwó mi ní kí n fara balẹ̀. Mo ní kó dákẹ́.

Ìyá mi kò sùn lọ́dọ̀ wa tó ọjọ́ tó ní lọ́kàn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló lọ. Ó fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ fún ìyàwó mi pé kó fún àwọn aládùúgbò. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú. Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn, mo wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo tún wọ òmíràn tó ń lọ sọ́nà Wọ́tásáìdì, mo wá gun ọ̀kadà wọ abúlé. Òórùn ẹja bò mí lójú ọ̀nà, mo sì ń rò ó pé òórùn yìí ni.

Ìdí ààrò ni mo bá a. Ààrò yẹn, amọ̀ ni, àwọ̀n wáyà wà lórí rẹ̀, bàbá mi ló mọ ọ́n fún un kó tó kú. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró. Mo sì wí ohun tí n kò lè kó padà mọ́. Mo ní, "Òórùn ẹja wà lára yín. Bí ẹ bá tún máa wá, ẹ wẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmọ mi."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Mo padà sílé, mo rò pé mo ti ṣe ohun tí bàbá ń ṣe.

Imú kò gbẹ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsí ẹja, láìsí edé, imú ń dà. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ìbá ti dúró níbẹ̀ kó ronú. Èmi ní ẹja nìkan kọ́. Mo ní kí wọ́n yọ ẹyin kúrò. Imú ń dà. Mo yọ ẹ̀pà, mo yọ mílíìkì. Mo yọ ẹ̀wà nítorí pé ẹnìkan ní ẹ̀wà àti ẹ̀pà, ẹbí ni wọ́n. Mo yọ ẹran. Kí oṣù kejì tó parí, ẹ̀kọ, gààrí àti iṣu pẹ̀lú epo pupa ló kù fún ọmọ ọdún márùn-ún. Bí mo bá sì ti ń yọ oúnjẹ kan, mo máa ń ní ìrètí ọjọ́ mẹ́ta. Ìrètí yẹn ló burú jù. Màá jí láàárọ̀, màá dúró lójú ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, màá máa bẹ Ọlọ́run kí n tó yọjú, màá yọjú, màá rí ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀.

Ó di tín-ín-rín. Irun rẹ̀ ń já. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti ń ṣeré. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé nírọ̀lẹ́, á gbìyànjú dìde, á gbọn ṣẹ́ẹ̀tì mi, á wá ẹ̀gbà rẹ̀, á sùn lé mi láyà. Mo máa ń ká a mọ́ra gan-an nígbà náà, mo máa ń sọ fún un pé a ó rí ohun tó ń ṣe é. Mo ń sọ ọ́ sí i létí, òun sì ń fi ẹnu mí sára aṣọ mi.

Ìjà dé láàárín èmi àti ìyàwó mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ẹnu ọmọ bí mo bá dé, bóyá wọ́n ti fún un ní nǹkan lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ kan mo gbóòórùn ẹyin. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé jáde. Ìyàwó mi kò sá. Ó ní, "Ẹyin kan ni mo fún un. Ebi ń pa á. Ẹ wò ó, ọmọ yín ń kú lọ nítorí imú." Mo ní imú yẹn ló máa pa á. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Oṣù kẹta rèé, wọ́n ń to ìlà láàárọ̀ nílé-ìwé, ọmọ mi ṣubú.

Wọ́n pe ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, òun àti olùkọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n pè mí ní sọ́míìlì. N kò rántí bí mo ṣe kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ìrókò la tún ń là lọ́jọ́ náà. Mo gun ọ̀kadà bí mo ṣe wà, lẹ́búlẹ́búlẹ́bú ń fò lára mi lójú títì, ọlọ́kadà ń nu ojú, ó ń bínú.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti lajú. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mu ògì tí wọ́n po fún un. Dókítà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà tó mi, ń wo ojú àti èékánná rẹ̀. Ó yíjú sí mi, inú bí i, kò sì fi pamọ́. Ó ní, "Bàbá, kí ni ẹ ń fún ọmọ yìí jẹ?"

Mo dúró ṣinṣin bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ka ohun tó ń jẹ. Mo ka ohun tí kì í jẹ. Mo sọ ti ààwẹ̀ fún un àti ti apẹ̀rẹ̀ ẹja. Mo ní ó ṣe kedere pé oúnjẹ ni, a kàn kò tíì rí èyí tó ń fà á nínú wọn ni.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọmọ mi na ọwọ́ sí mi. Mo gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ṣẹ́ẹ̀tì mi díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lágbára, ó wá ẹ̀gbà nínú àpò mi, ó rí ọ̀kan tí mo ti ṣà láàárọ̀.

Dókítà ní, "Nígbà tó bá jẹ ẹja, ṣé ètè rẹ̀ máa ń wú?"

Mo ní rárá.

"Ṣé ara máa ń yún un? Ṣé ara rẹ̀ máa ń lé? Ṣé ó máa ń bì, tàbí kó ní inú ń run òun, láàárín wákàtí kan méjì tó jẹ ẹ́?"

Rárá ni. Ìyàwó mi náà ní rárá, kò rí i rí.

Ó ní oúnjẹ tí ara bá kọ̀ lóòótọ́ lè mú imú dà, ṣùgbọ́n kì í sábà dá imú nìkan mú. Ara á sọ̀rọ̀ níbòmíràn pẹ̀lú, ní awọ, ní ètè, ní ikùn, ní ọ̀fun. Bó bá jẹ́ imú àti ojú nìkan ló ń dààmú ọmọ, ohun tó ń fà símú ni òun máa ń kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ohun tó ń jẹ.

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Ọmọ mi sín sí mi lójú.

Ó sín lẹ́ẹ̀kejì. Ó sín lẹ́ẹ̀kẹta. Dókítà ń wo ọwọ́ ọmọ náà lára ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó ń wo lẹ́búlẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú tó ti bà lé etí ife ògì. Ìyàwó mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ó ní, "Láti àárọ̀ tá a ti dé ibí, kò tíì sín."

Dókítà ní, "Bàbá, nínú ààwẹ̀ tí ẹ wí yẹn, aṣọ wo lẹ máa ń wọ̀ délé?"

Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Ó sunkún, kò fẹ́ lọ. Mo jáde lọ dúró sí gbangba, mo ń wo ara mi. Gbogbo oúnjẹ tí mo yọ lẹ́nu ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo sì ń gbé ohun tó ń dí i nímú gan-an wọlé fún un nírọ̀lẹ́, tí mo ń ká a mọ́ra. Ojú ara mi tì mí.

Dókítà ní òun kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà, kí a ṣe é wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí n wẹ̀, kí n pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́ kí n tó wálé. Kí wọ́n fún ọmọ ní gbogbo ohun tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan, ẹyin, ẹ̀wà, ẹja pàápàá. Ó tún ọ̀rọ̀ ẹja yẹn sọ, ó ń wo ojú mi.

Ní sọ́míìlì, wọ́n ń pè mí ní ọkọ ìyàwó nítorí pé mò ń wẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì ń lo ọṣẹ olóòórùn dídùn. Wọ́n ní ìyàwó kejì wo ni mò ń lọ kí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nílé, ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kìíní tí mo dé pẹ̀lú aṣọ mímọ́, ó gbá àyà mi, kò sí ohun tó tú jáde. Ó wo àpò mi, òfo ni. Ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ni òun ṣe fún bàbá òun.

Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, imú ti gbẹ. Bí eruku ọyẹ́ bá pọ̀ ó ṣì máa ń sín díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹnu dé sùn. Ó ń jẹ ẹja tí ìyá rẹ̀ rà lọ́jà Òjòwò, ó ń jẹ ẹyin, ara rẹ̀ sì ń padà bọ̀ sípò. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n bí mo bá rí egungun ẹja nínú àwo rẹ̀, ojú mi máa ń lọ síbòmíràn.

Ó pé oṣù kan kí n tó lè lọ sí Wọ́tásáìdì. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Mo mú ọmọ mi dání.

Nígbà tá a wọ abúlé, n kò rí èéfín. Mo dé ẹ̀yìnkùlé ìyá mi, n kò rí ààrò. Ilẹ̀ pupa ló kù níbi tó wà, koríko ti ń hù níbẹ̀, wọ́n ti fi àwọ̀n wáyà rẹ̀ ṣe ọgbà adìyẹ. Ìyá mi ń ṣa ewé gbọ̀ọ̀rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Ọmọ mi rí i, ó ké Màmá Ẹja, ó sáré. Mo rí i bí ojú ìyá mi ṣe tàn. Lẹ́yìn náà mo rí i tó ju ewé sílẹ̀, tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí, tó ń fi ẹ̀yìn rìn wọlé. Ó ní, "Dúró níbẹ̀, ọmọ mi. Dúró, mẹ́ẹ̀ tíì wẹ̀."

A gbọ́ omi tó ń dà ní balùwẹ̀. Ọmọ mi dúró lójú ilẹ̀kùn, ó ń pè é. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó jáde, aṣọ mímọ́ wà lára rẹ̀, ọṣẹ ṣì kù létí rẹ̀. Ó gbé ọmọ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, mo sọ fún un. Mo ní kì í ṣe ẹja, kì í ṣe ẹ̀yin, Ìyá, èmi ni, igi ni, aṣọ iṣẹ́ mi ni. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Mo wó ààrò. Mo ní bóyá èéfín rẹ̀ ló ń bá mi wá sọ́dọ̀ yín."

Ó wo ibi tí ààrò wà. Ó ní kí n dìde, ó ní òun ti dárí jì mí, ó pẹ́ tóun ti dárí jì mí. Lẹ́yìn náà ó bi ọmọ mi pé kí ló fẹ́ jẹ. Ọmọ ní ẹja. Ẹja kan ṣoṣo kò sí nílé ìyá mi. Mo ń wò ó bó ṣe mú àwo, tó lọ sí ilé kejì lọ ra ẹja lọ́wọ́ obìnrin tó jẹ́ pé ìyá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yan án.

Mo ti tún ààrò mọ fún un láti ìgbà náà. Ó ń dáná nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń fi ẹja ránṣẹ́, bó bá sì fi ránṣẹ́, á pè lálẹ́, á bi ìyàwó mi bóyá ọmọ sín lẹ́yìn tó jẹ ẹ́ tán. Mo ti ṣàlàyé fún un, dókítà náà ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní òun ti gbọ́, ó ti yé òun. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyá mi á kọ́kọ́ lọ wẹ̀ kó tó gbé ọmọ mi.